Ṣé odò Ọya lè ṣe iṣẹ́ òkun fún àńtẹ́nà olóòró?

Àbúrò wa kan ní Kàbà ló bèèrè báyìí níbi tí àwa tó ń fi rédíò ṣeré (amateur radio) ti ń jíròrò: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ìwé àṣẹ rédíò mi, tó ní àmì ìpè 5N ti Nàìjíríà, ti jáde lọ́dọ̀ NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀. Rédíò mi kò ju wáàtì 10 lọ. Àńtẹ́nà mi jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo tó ń dúró lóòró, mo lè ká a sínú àpò. Mo ń rí àwọn ará òkèèrè tí wọ́n ń gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lọ sétí òkun, tí wọ́n á sì fi wáàtì 5 bá òdìkejì ayé sọ̀rọ̀. Àwa kò ní òkun níhìn-ín. Tí mo bá gbé tèmi lọ sétí odò Ọya ní Lọ́kọ́ja ńkọ́? Àbí kí n ra àpò iyọ̀ kan, kí n pò ó mọ́ omi, kí n dà á sídìí àńtẹ́nà lẹ́yìnkùlé wa?"

* * *

Ìbéèrè gidi nìyẹn, àbúrò mi. Èmi náà rò ó títí kí n tó wọkọ̀ láti Kàbà, gba Ìyàmoyè àti Ọ̀mùwò kọjá sí Àkúrẹ́, títí mo fi dé etí òkun Èkó lọ dán an wò fúnra mi. Kí n tètè sọ ibi tí mo dé: iyọ̀ inú omi ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe omi. Odò Ọya kò níyọ̀. Iyọ̀ tí o bá sì dà sẹ́yìnkùlé kò lè dé ibi tí iṣẹ́ náà ti ń wáyé.

Bó ṣe ń rí nìyí. Bí ọ̀pá bá dúró lóòró, ìgbì rédíò ń jáde lára rẹ̀ lọ́nà méjì. Apá kan ń gba ojú òfurufú lọ tààrà. Apá kejì ń lọ lu ilẹ̀ tó wà níwájú, ó ń ta padà sókè, ó sì ń lọ bá ti àkọ́kọ́. Tí àwọn méjèèjì bá bára wọn mu nígbà tí wọ́n pàdé, agbára wọn á lé. Tí èyí tó ta padà bá ti rẹ̀ sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, tàbí tó dé ní òdì, wọ́n á máa pa ara wọn. Ìgbì tó ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ra ojú ilẹ̀ lọ, ló ń jìnnà jù lọ kí ionosphere, ìpele kan lókè réré ojú ọ̀run, tó dá a padà sáyé. Òun náà sì ni ilẹ̀ tí kò dára ń jẹ run. Lórí ilẹ̀ lásán, èyí tó bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi dígírì 15 lọ sí ojú ilẹ̀ ti wà nínú ewu. Lórí omi òkun, ewu yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí ìgbì bá rẹlẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 1.

Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí iná ṣe ń ráyè rìn nínú nǹkan: siemens nínú mítà kan, S/m. Omi òkun wà ní nǹkan bíi 5. Ilẹ̀ oko tó lọ́ràá tó sì tutù lè dé 0.03. Ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ lásán jẹ́ 0.005. Ilẹ̀ olókùúta wà ní 0.001. Ẹ wo ilẹ̀ tiwa láti Kàbà dé Ìsánlú kí ẹ wá sọ fún mi ibi tí a bọ́ sí: àpáta ńlá níbí, yangí lọ́hùn-ún, erùpẹ̀ tó ń gbẹ hán-ún hán-ún bí ọyẹ́ bá ti dé. Láàárín 0.001 yẹn àti 5 ti òkun, ìlọ́po 5,000 ni.

Odò ńkọ́? Omi odò kì í sábà dé 0.05. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ṣeré, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ òkun.

* * *

Ẹ jẹ́ kí a parí ọ̀rọ̀ àpò iyọ̀, nítorí èèyàn mẹ́ta ló ti sọ pé àwọn náà ti rò ó rí.

Ibi tí ìgbì ti ń ta padà kì í ṣe ìdí ọ̀pá. Lórí bẹ́ńdì tí à ń pè ní 20 mítà, ìyẹn nǹkan bíi 14 MHz, ìgbì kan ṣoṣo gùn ní nǹkan bíi 21 mítà. Bí a bá ń wá ìgbì tó ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ọ̀pá, ó sì lè lọ dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Àpò iyọ̀ kan kò lè bo ju ebè ẹ̀fọ́ mélòó kan lọ. Bí ẹ bá da àpò mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ kò tíì kúrò ní ìdí ọ̀pá. Òjò méjì tàbí mẹ́ta á sì fọ̀ ọ́ lọ.

Kí ó tó fọ̀ ọ́ lọ, á ti pa tẹ̀tẹ̀ àti ewúro ìyá yín, á sì ti jẹ wáyà bàbà tí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe é. Ẹ fi owó iyọ̀ yẹn ra wáyà, màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé Lọ́kọ́ja kò gbà. Wọ́n ní àwọn máa ń gbé rédíò lọ sétí odò Ọya ní kùtùkùtù, àti pé ohun tí àwọn ń gbọ́ níbẹ̀ àwọn kì í gbọ́ ọ nílé. Wọ́n ní kí n má fi ìwé ta ko etí àwọn.

Ẹ̀gbọ́n, mo gba etí yín gbọ́ pátápátá. Ohun tó fà á ni ọ̀rọ̀ wa kò ti bára mu. Ẹ wo ohun tó yí yín ká nílé: inverter aládùúgbò, àwọn gílóòbù LED tí kò wọ́n lọ́jà, ṣájà fóònù tó lé ní mẹ́rin, wáyà iná tó ń ta pàràpàrà lórí òpó. Gbogbo wọn ló ń sọ ariwo sínú rédíò yín. Ẹ dé etí odò, kò sí ọ̀kan nínú wọn. Síginà tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ariwo ti bò mọ́lẹ̀ nílé wá yọjú. Omi kọ́ ló gbé e wá o, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ẹ lè rí irú rẹ̀ nínú oko yín, níbi tí kò ti sí omi rárá.

Mo mọ̀ nítorí pé mo ti gbé ọ̀pá mi lọ sétí adágún Ọ̀mi, ìsédò Kampe tó wà lápá Ejìbà. Omi tẹ́ rẹrẹ níbẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ pé màá rí nǹkan. Ariwo inú rédíò wálẹ̀ débi pé mo kọ́kọ́ rò pé kébù ti já. Mo gbọ́ ibi púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọ̀pá kan náà kúrò létí omi, mo rìn wọ inú pápá tó nǹkan bí 200 ìṣísẹ̀, mo tún nà án. Ohun kan náà ni mo gbọ́. Mo lọ, mo bọ̀, nígbà mẹ́ta. Etí mi kò mọ ìyàtọ̀.

Kí n ṣe òdodo sí ẹ̀gbọ́n: omi tí kò níyọ̀ kì í ṣe òfo pátápátá. Omi ní ìwà kan tí ilẹ̀ gbígbẹ kò ní, òun ló mú kí dígírì 15 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bọ́ sí nǹkan bíi dígírì 6 lórí omi odò. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn ọ́n dáadáa lè rí èrè díẹ̀ níbi tí odò bá ti fẹ̀ púpọ̀, tó sì kọjú sí ibi tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Èrè díẹ̀ ni mo wí. Kò tó ohun tí èèyàn ń sanwó ọkọ̀ dé Lọ́kọ́ja fún.

* * *

Àwọn kan ní kí n sọ ti Èkó tán, pé mo kàn dárúkọ rẹ̀ ni.

Ó dáa. Kí n tó lọ ni mo ti mọ̀ pé tí mo bá fi ohun tí mo gbọ́ ní Kàbà ní oṣù kan wé ohun tí mo gbọ́ ní Èkó ní oṣù mìíràn, irọ́ ni màá máa pa fún ara mi. Ojú ọ̀run ń yí padà láàárín wákàtí kan, áḿbọ̀sìbọ́sí oṣù kan. Nítorí náà, ìdánwò mi jẹ́ etí òkun sí ẹ̀yìn etíkun, ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà, ọ̀pá kan náà.

Ohun tí mo fi wọn ọ́n kò ná mi ní kọ́bọ̀. Àwọn rédíò atọ́ka 18 kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń ránṣẹ́ lórí 14.100 MHz àti bẹ́ńdì mẹ́rin mìíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 tirẹ̀, tí wọ́n á sì yípo lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 3. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á pe orúkọ rẹ̀ ní Morse, lẹ́yìn náà á fi ìró gígùn mẹ́rin lé e. Wáàtì 100 ni wọ́n fi ń pe orúkọ àti ìró àkọ́kọ́. Ìró kejì jẹ́ wáàtì 10, ìkẹta wáàtì 1, ìkẹrin ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì kan. Nítorí náà, ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti fi wọ̀n ju kí ẹ ka iye ìró tí ẹ gbọ́ lọ. Bí ẹ bá gbọ́ méjì níbì kan, tí ẹ gbọ́ mẹ́ta níbòmíràn, ibi kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po mẹ́wàá dára jù ú lọ, èyí tí àwọn onírédíò ń pè ní dB 10.

Mo dé etíkun nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan gba owó ìwọlé lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ọ̀pá mi, wọ́n bi mí bóyá ẹja ni mo fẹ́ pa. Mo fi ìwé àṣẹ mi hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé. Ọ̀kan nínú wọn jókòó tì mí títí mo fi ṣetán, òun ló ń bá mi di wáyà mú.

Ọ̀pá náà jẹ́ nǹkan bíi 5 mítà. Wáyà méjì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ni mo nà sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, mo fi igi gbé wọn sókè tó orúnkún. Mo gbé ìdí rẹ̀ síbi tí iyanrìn ti tutù, tí ìfófòó omi ń dé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi. Mo fi gbohùngbohùn sétí. LU4AA, rédíò atọ́ka ti Buenos Aires, bọ́ sórí afẹ́fẹ́, nǹkan bíi 7,900 kìlómítà sí ibi tí mo jókòó sí, tí ó jẹ́ orí òkun Atlantic ni ìgbì rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Ìró àkọ́kọ́ ṣe kedere. Ìkejì ṣe kedere. Ìkẹta wà níbẹ̀, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀fọn tó wà nínú yàrá kejì, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Wáàtì 1! Mo dúró ìṣẹ́jú 3 kó tún yípo kó lè dá mi lójú. Ó tún wà níbẹ̀.

Mo tú gbogbo rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn ní 150 ìṣísẹ̀, lẹ́yìn àwọn àtíbàbà, mo nà á bákan náà gẹ́lẹ́. Ìró àkọ́kọ́ wà, kò sì ròkè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìkejì ni mo ń fi agbára gbọ́. Ìkẹta kò sí. Mo padà sétí omi, ó padà wá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo lọ tí mo bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Òógùn bò mí.

* * *

"Ariwo àwọn àtíbàbà ló pa á lẹ́yìn, bí ìwọ náà ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n ará Lọ́kọ́ja." Ẹni tó sọ èyí ní ìdí, ó sì yẹ kí n dá a lóhùn dáadáa.

Ní gbogbo ìgbà tí mo ń ka ìró LU4AA, mo ń ka ti 4X6TU náà ní Tel Aviv. Ti Tel Aviv wá láti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn, orí ilẹ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ mi, òkun sì wà lẹ́yìn mi sí i. Létí omi, ìró méjì. Lẹ́yìn àtíbàbà, ìró méjì. Kò yẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ ariwo ló pa Buenos Aires, ṣé kò yẹ kó pa Tel Aviv náà? Ariwo kì í yan ibi tí yóò bò mọ́lẹ̀.

Ohun tó yẹ kí gbogbo wa dì mú jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Òkun kì í ran àńtẹ́nà lọ́wọ́ níbi gbogbo. Apá ibi tí omi iyọ̀ wà ló ń ṣí fún un. Ní Èkó, òkun wà ní gúúsù, nítorí náà Gúúsù Amẹ́ríkà àti gúúsù Áfíríkà ni yóò jàǹfààní. Ẹni tó bá dúró sétí òkun Èkó tó ń wá Yúróòpù, ẹ̀yìn ló kọ sí èrè.

* * *

Ẹnìkan mú Marconi, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi rédíò ránṣẹ́, wọ̀ ọ́, pé ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1901 ó gbọ́ síginà láti Poldhu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Newfoundland, pé òkun ló gbé e lọ. Òkun ràn án lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ọ̀nà. Àmọ́ ayé rí roboto, ìgbì kò lè fara wọ́lẹ̀ lójú omi títí dé òdìkejì Atlantic. Ojú ọ̀run ló dá a padà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí wa lórí 20 mítà. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Marconi mú wa gbàgbé pé ibi tí ìgbì ti ń kúrò nílẹ̀ ni à ń jiyàn lé lórí.

* * *

Ọ̀rọ̀ SWR wá dé, ìyẹn òṣùwọ̀n bí àńtẹ́nà ṣe bá kébù mu, tí 1.0 túmọ̀ sí pé wọ́n bára mu géérégé. Mo sì mọ̀ pé yóò dé.

Ọ̀gá kan ní Mọ́pà kọ̀wé pé ọ̀pá tòun kò nílò òkun, nítorí pé lórí ilẹ̀ òun SWR rẹ̀ jẹ́ 1.0, mítà kò mì rárá. Ó ní òun gbé e lọ sétí òkun ní ìgbà kan, ó di 1.4, nítorí náà òkun ba àńtẹ́nà òun jẹ́.

Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀pá tó gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì, tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ dára pátápátá, ohms 36 péré ló ní. Kébù wa jẹ́ ohms 50. Ẹ fi 36 pín 50, ẹ ó rí nǹkan bíi 1.4. Ìyẹn ni pé 1.4 yẹn ni ohun tí ilẹ̀ tó dára ń fi hàn. Níbo wá ni 1.0 ti wá ní Mọ́pà? Ilẹ̀ yín ló fi ohms 14 tirẹ̀ kún 36, ó di 50 géérégé, mítà sì dùn ún wò. Àmọ́ ohms 14 yẹn kì í sọ̀rọ̀ sí ojú ọ̀run. Ó ń mú ilẹ̀ gbóná ni. Nínú gbogbo wáàtì 10 tí ẹ ń rán jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 3 tó ń sọnù sínú erùpẹ̀.

Ẹ lè dán an wò nílé láì rìnrìn àjò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wáyà ilẹ̀ mẹ́rin, àwọn tí à ń tẹ́ yí ìdí ọ̀pá ká, ẹ wọn SWR. Ẹ fi mẹ́rin kún un, ẹ tún wọ̀n. Ẹ máa fi kún un. SWR á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 1.0 lọ sí 1.3, 1.4, bí àńtẹ́nà ṣe ń dára sí i. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo tú gbogbo wáyà ká, mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi SWR tó dára tan ara wa jẹ.

* * *

Ọmọ Ìyàrá kan tó ń gbé Èkó bèèrè bóyá ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ilé òun lè ṣe é, nítorí pé etí òkun gbowó, ó sì jìnnà.

Ó sinmi lórí oṣù. Ọ̀sà Èkó kì í ní iyọ̀ kan náà jálẹ̀ ọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń wọlé, iyọ̀ á pọ̀. Nígbà òjò, àwọn odò ńláńlá ń tú omi sínú rẹ̀, iyọ̀ náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbi tó jìnnà sí ẹnu òkun. Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ kí ẹ wọ́n ọn sára mítà kékeré tí àwọn tó ń sin ẹja fi ń wọn omi, tí ẹ bá rí ọ̀kan yá. Kò wọ́n, ó sì ń sọ òótọ́ ju ìfojúdíwọ̀n lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìpẹtà kúkurú: ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọjọ́ kejì tí mo padà sí Kàbà, mo ṣí orí kébù mi. Ibi tí bàbà ti pàdé irin ti di àwọ̀ ewé, ìyẹ̀fun tútù bí èérún ẹ̀kọ wà láàárín ìrun wáyà. Ọ̀pá tí à ń fà yọ náà ti ń há nítorí iyanrìn ti wọ àárín rẹ̀. Omi mímu ni mo fi fọ gbogbo rẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo gé orí kébù náà sọnù. Láti ìgbà náà mo máa ń fi ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) wé ojú ìsopọ̀ kí n tó gbé e dé etíkun, mo sì máa ń gbé gálọ̀nù omi mímu kan dání tí màá fi ṣan án kí n tó wọkọ̀.

Ìgbì omi náà ń gòkè o. Ó ṣubú lu ìdí ọ̀pá mi lẹ́ẹ̀kan tí mo yíjú sẹ́yìn. Bátìrì ló yẹ kí ó kọ́kọ́ jìnnà sí omi, kì í ṣe ọ̀pá.

* * *

Àwọn kan ti ń sọ báyìí pé, tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọ̀pá olóòró kò wúlò fún ará Kogi, pé kí gbogbo wa jù ú sọnù, kí a ta wáyà ní ìbú.

N ò gbà. Òótọ́ ni pé àńtẹ́nà tí a ta ní ìbú kì í jìyà ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àti pé òkè wa jẹ́ ẹ̀bùn ńlá fún un: ẹ ta á lórí òkè tí ilẹ̀ ti rọra ń sọ̀kalẹ̀ lọ níwájú rẹ̀, ìgbì á lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ti yẹ. Ẹni tó bá ní igi méjì tó ga ju mítà 10 lọ, mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó ta á. Àmọ́ àbúrò wa kò bèèrè nípa igi méjì. Ó ní ọ̀pá kan tó lè ká sínú àpò.

Èyí ni owó iyọ̀ wà fún. Bí ẹ bá ní wáyà 40 mítà, ẹ má gé e sí mẹ́rin gígùn. Ẹ gé e sí 16, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.5 mítà, kí ẹ tẹ́ ẹ yí ìdí ọ̀pá ká bí ẹsẹ̀ ìràwọ̀. Ọ̀pọ̀ kúkúrú dára ju gígùn mélòó kan lọ níbi tí wáyà kò bá pọ̀. Kò nílò kí wọ́n gún régé bí wọ́n bá ti sùn sílẹ̀. Wáyà iná ilé tó ti gbó ni mo fi ṣe tèmi, mo fi ọ̀rá ara rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò bó o. Tó bá jẹ́ orí àpáta gan-an ni ẹ wà, tí ẹ kò rí ibi gún nǹkan mọ́lẹ̀, ẹ gbé wáyà méjì tó jẹ́ 5 mítà sókè tó orúnkún, bí mo ti ṣe ní Èkó. Ìyẹn kò ní sọ àpáta di òkun, kò sí ohun tó lè ṣe ìyẹn. Àmọ́ yóò gba púpọ̀ nínú wáàtì 3 tí ilẹ̀ ń jẹ padà fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá nìkan lọ sórí òkè tàbí sínú igbó nítorí rédíò lásìkò yìí. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà wa. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ ìlú tẹ́lẹ̀, ẹ mú ìwé àṣẹ yín dání. Bátìrì, wáyà àti ọ̀pá gígùn nínú àpò kan náà, ẹni tí kò mọ̀ yín lè rò ó sí nǹkan mìíràn. Ẹ̀yìnkùlé ilé-ìwé lọ́jọ́ Sátidé ti tó fún ìdánwò.

* * *

Àbúrò tó bèèrè ti padà wá. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ayétòrò fún ìgbéyàwó láìpẹ́. Mo rò pé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ́ tiwa ni, àfi ìgbà tó ní Ayétòrò ti Ìlàjẹ ni, létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga.

Àbúrò, gbé ọ̀pá rẹ dání. Ọjọ́ kan péré ló nílò. Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú náà, nítorí náà bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ ibi tí ilẹ̀ ti dúró ṣinṣin kí o tó gbé ìdí ọ̀pá kalẹ̀. Má jìnnà ju 10 mítà lọ sí omi. Má da wáyà gígùn sínú òkun pẹ̀lú èrò pé yóò wọ ìsàlẹ̀. Ní 14 MHz, ìgbì rédíò kì í wọ inú omi òkun ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ kí agbára rẹ̀ tó rẹ̀wẹ̀sì. Gbé wáyà méjì sókè, ó tó.

Bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, lórí 14.100 MHz. Yan LU4AA fún ìhà òkun, 4X6TU fún ìhà ilẹ̀. Bí 4X6TU kò bá sí lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà, mú OH2B ti Finland fún ìhà ilẹ̀. Ka ìró. Kọ ọ́ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú aago, má fi sí orí. Ṣí sẹ́yìn 150 ìṣísẹ̀, tún ka. Lọ, bọ̀, ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Má yí nǹkan mìíràn padà, kódà kébù.

Kí o sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wa níhìn-ín bó ṣe rí gan-an, ì báà ṣe pé ó ta ko tèmi.